Èjí Tí Kapitẹ́nì Ní Kí N Dí

Àwọn ọ̀dọ́ Manigri mẹ́ta tó ń kàwé wá bá mi lábẹ́ igi kajú mi lọ́jọ́sí. Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ eyín fún àwọn, torí àwọn náà ń wá iṣẹ́ tí àwọn máa fi ayé àwọn ṣe. Mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí bí mo bá ń fi ẹnu sọ ọ́, ebi á ti lé wọn lọ sílé kí n tó dé ìdajì. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé inú bí mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ló bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé iṣẹ́ ológun ló sọ mí dènìyàn. Ó ní àwọn kan ní Bassila ló sọ fún òun bẹ́ẹ̀. Rárá o. Iṣẹ́ ológun gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ó tún fẹ́ gba márùn-ún sí i, mi ò sì fún un. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdrísù lorúkọ mi, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni mí. Nígbà tí mo dàgbà tó ọkùnrin, àwọn Faransé ló ń ṣèjọba Dahomey, ilẹ̀ wa níbí, ọdọọdún ni wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ láti abúlé gbogbo fún iṣẹ́ ológun ọdún mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá mú kò lè sọ pé òun ò lọ. Ní Bassila ni wọ́n tò wá sí, àwa ará Manigri, àwọn ará Doguè, àwọn ará Pénéssoulou. A bọ́ aṣọ, a dúró nínú oòrùn. Dókítà wọn ní kí oníkálukú ya ẹnu. Nígbà tó kàn mí, ó pe òyìnbó kejì pé kó wá wo eyín. Pákò tí mo ń run láti kékeré ló kó bá mi. Bàbá mi dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, ó ń wò wá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí wọ́n ṣe ń ya ẹnu ẹṣin wò lọ́jà Djougou gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ya tèmi, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹkún bàbá mi rí. Láti ọjọ́ náà ni inú mi ò ti dùn sí wọn, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó padà dùn.

Owó oṣù ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kò tó nǹkan. Nítorí pé mo ti kàwé díẹ̀ ní Bassila, tí mo sì gbọ́ Faransé, ìbọn kò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ máa ran dókítà eyín àwọn ológun lọ́wọ́. Kapitẹ́nì ni gbogbo wa ń pè é, oyè rẹ̀ nìyẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní nǹkan mìíràn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, kì í rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń gbé òun àti irinṣẹ́ rẹ̀ káàkiri àríwá, láti Parakou dé Djougou, láti Djougou wá sí Bassila. Àwọn ológun àti òṣìṣẹ́ ìjọba la máa ń kọ́kọ́ tọ́jú. Bí àyè bá wà, a tọ́jú ará ìlú.

Ọ̀gá irinṣẹ́ inú ọkọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ibi tó ti jẹrà lára eyín. Kò sí iná mànàmáná. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ, okùn kan á máa yí, abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ á máa gbẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá yára jù, eyín á gbóná, aláìsàn á fò dìde. Bí mo bá falẹ̀, abẹ́rẹ́ á há. Kapitẹ́nì kì í bá mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní ọ̀pá tínrín kan, bí ẹsẹ̀ mi bá sì ṣìṣe, á fi nà mí lọ́rùn ẹsẹ̀ láì gbé ojú kúrò lẹ́nu ẹni tó ń tọ́jú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọrùn ẹsẹ̀ mi fi wú. Lónìí, ẹ̀rọ ń kùn bí eṣinṣin, bọ́tìnì kan lẹ ń tẹ̀. Mo lo ìyẹn náà kí n tó fẹ̀yìn tì, ó dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbẹ́ eyín mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló kan ọṣẹ. Kapitẹ́nì fún mi ní ọṣẹ ìfọṣọ kan àti ọ̀bẹ kékeré, ó ní kí n gbẹ́ ọṣẹ náà sí ìrísí eyín iwájú òkè. Mo gbẹ́ ẹ, mo gbé e fún un. Ó wò ó, ó jù ú sílẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní kí n gbẹ́ òmíràn. Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Mi ò lè ka iye eyín ọṣẹ tó tẹ̀ pa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ tèmi ló mọ́ jù lágọ̀ọ́, torí òkú eyín ni mo ń kó lọ fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wo èyí tí mo gbé wá, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e sórí tábìlì. Kò yìn mí. Ó kàn fún mi ní ọṣẹ tuntun, ó ní kí n gbẹ́ eyín tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń fẹ́ ọ̀gá tí yóò máa pọ́n yín lé, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni mo ti kọ́ ìdajì ohun tí mo mọ̀. Òtítọ́ ni méjèèjì.

Yíyọ eyín kò jọ mí lójú. Alágbẹ̀dẹ Manigri ti ń fi ẹ̀mú yọ ọ́ kí òyìnbó tó dé. Eyín àtọwọ́dá ló gba ọkàn mi. Akọ̀wé kan wà ní Djougou tí eyín rẹ̀ ti ká tán. Mo rí i bí Kapitẹ́nì ṣe po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ omi, tó fi gba àwòrán inú ẹnu rẹ̀, tó sì gan bí òkúta. Ó fi ìda to eyín sórí àwòrán náà, ó wá se rọ́bà nínú ìkòkò irin láti fi di eyín mú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, akọ̀wé náà ń jẹ iṣu sísun níwájú wa, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tèmi rèé.

Kapitẹ́nì sọ fún mi pé ilé ìwòsàn ńlá kan wà ní Dakar tí wọ́n ti ń fi ọdún méjì kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ṣíṣe eyín. Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ ti di oníṣẹ́ eyín nìyẹn. Àmọ́ wọn kì í gba ẹni tí kò bá mú lẹ́tà dání láti ọ̀dọ̀ dókítà eyín tó ti bá ṣiṣẹ́ rí. Dókítà eyín kan ṣoṣo sì ni mo mọ̀ láyé.

Mo lọ bá a. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló kù nínú ọdún mẹ́ta mi. Ó ní kò sí wàhálà, òun lè kọ lẹ́tà, àwọn ológun lè rán mi lọ sí Dakar lóṣù tó ń bọ̀, bí mo bá ṣáà ti tọwọ́ bọ̀wé pé màá sìn wọ́n ní ọdún márùn-ún sí i. Mo ní rárá, kí n parí ọdún mẹ́ta tí òfin sọ, kí n wá lọ kọ́ṣẹ́ bí ọmọlúàbí tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń kàwé. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ní orí mi kò pé. Ọ̀kan wà nínú wọn, Sàbí ọmọ Pénéssoulou, ó gbọ́ Faransé jù mí lọ. Òun tọwọ́ bọ tiẹ̀, torí wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ ilé ìwòsàn fún un. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e lọ jagun fún Faransé ní Indochine lókè òkun. Ìyá rẹ̀ ń bi mí bóyá mo gbúròó rẹ̀ títí obìnrin náà fi kú.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìjọba ní kí Kapitẹ́nì jókòó sí Bassila fún oṣù kan, kó tọ́jú àwọn ará ìlú. Àwọn ará ìlú kò wá. Ta ló fẹ́ ya ẹnu fún ológun? Nígbà náà ló pè mí, ó ní kí n mú ẹnìkan wá láti ìlú mi, kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe eyín fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá dára, àwọn tó kù á rí i, wọ́n á wá, òun á sì kọ lẹ́tà Dakar fún mi láìsí ọdún márùn-ún kankan nínú rẹ̀. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó dá mi lójú. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sọ ohun kan náà.

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀ ni Ìyá Ràmátù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Òun ló ń parí ìjà àwọn obìnrin ní Manigri, òun ló sì ń dá orin níbi ìgbéyàwó. Nígbà tó wà lọ́mọge, òkìkí èjí rẹ̀ kàn dé Bassila. Wọ́n máa ń sọ pé funfun niyì eyín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eléjìí ni ọkùnrin ń bojú wẹ̀yìn wò. Àwọn ọmọge ayé ọjọ́un máa ń fi igi ìgbálẹ̀ wọn èjí ara wọn: igi ìgbálẹ̀ kan gbọ́dọ̀ gba àárín eyín iwájú méjèèjì kọjá láì há, méjì kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ti Ìyá Ràmátù gba ọ̀kan gẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn ológun ni wọ́n ń gún iyán ìnáwó, obìnrin mẹ́ta nídìí odó kan. Ó bẹ̀rẹ̀ kó yí iyán, ọmọ odó ẹnìkan sì gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú òkè mẹ́rin lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ìborùn bo ẹnu sọ̀rọ̀. Kò dá orin mọ́, kò sì parí ìjà ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ràmátù, ló mú un wá bá wa ní Bassila. Mo gba àwòrán ẹnu rẹ̀. Mo ṣí àpótí eyín tó ti ilẹ̀ Faransé wá, mo yan mẹ́rin tó tínrín, mo lọ ẹ̀gbẹ́ wọn, mo fi ìda tò wọ́n, mo wá mú igi ìgbálẹ̀ kan, mo ti í bọ àárín. Ó wọlé, ó jáde, kò há. Mo gbé e lọ fún Kapitẹ́nì.

Ó ní kí ni àlàfo yẹn ń ṣe níbẹ̀. Mo ní èjí ni, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó ní àbùkù ni, pé eyín gbọ́dọ̀ fara kanra, pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Mo ní obìnrin náà kì í ṣe ìwé. Ó gbé eyín náà kalẹ̀ sórí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Dí i," ó wí. "Tàbí kí o gbàgbé Dakar."

Mo dí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìdrísù dí i, mi ò ní irọ́ tí màá fi bò ó. Dakar ló wà lójú mi. Mo yan eyín mẹ́rin mìíràn tó fẹ̀, mo tò wọ́n fara kanra, mo se rọ́bà rẹ̀. Kapitẹ́nì mú ìwé tínrín kan, ó gbìyànjú láti tì í bọ àárín, kò wọlé. Ó mi orí pé ó dára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó mi orí sí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó jókòó níbẹ̀, ó kọ lẹ́tà náà lójú mi, ó fọwọ́ sí i, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ pé ọjọ́ tí mo bá parí iṣẹ́ ológun ni òun á fún mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo fi eyín náà sí Ìyá Ràmátù lẹ́nu, òun àti ọkọ rẹ̀ sì gba ilé lọ.

Ọjọ́ karùn-ún sí i ni wọ́n sọmọ lórúkọ ní agbo ilé wọn ní Manigri. Mi ò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ fún mi. Ìyá Ràmátù dìde láti dá orin, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ odó ti gbá a. Ó yanu, ohùn mìíràn ló jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń gba èjí rẹ̀ kọjá kò rọ́nà mọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń kọrin. Nígbà tó rẹ́rìn-ín láti fi bo ìtìjú, ó burú sí i, torí ẹ̀rín náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan bú sẹ́kún. Bàbá Ràmátù wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹjú mọ́ oúnjẹ rẹ̀, kò sì gbójú sókè mọ́ títí tí wọ́n fi tú ká. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ọ̀rọ̀ ti dé Doguè pé eyín òyìnbó tó ti kú ni àwọn ológun ń kì bọ ènìyàn lẹ́nu, pé ẹni tó bá gbà á, ojú rẹ̀ ti di ti òkú náà. Ọjọ́ mẹ́rin la fi jókòó ti ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò wá. Inú Kapitẹ́nì ru. Ó ní àwọn ènìyàn mi kò mọ oore.

Ìyá Ràmátù fẹsẹ̀ rìn wá sí Bassila fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ wé eyín náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé yóò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

"Ìdrísù ọmọ mi, o ṣe é dáadáa," ó wí. "Mo fi jẹ iṣu, kò mì. Ṣùgbọ́n mo wo dígí, mi ò bá ara mi níbẹ̀. Ọkọ mi náà wá mi, kò rí mi. Wá ẹni tó ni ín, kí o gbé e fún un."

Ojú tì mí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni mo ṣebí ó lè ṣàṣìṣe irú èyí, àfi èmi tí mo dàgbà sẹ́yìn rẹ̀, tí mo mọ bí igi ìgbálẹ̀ ṣe ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Mo fi ojú obìnrin náà ra lẹ́tà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi tẹrú jẹ́ ẹ. Mo ní kó jókòó, pé mi ò ní jẹ́ kó padà sílé bó ṣe wá.

Kapitẹ́nì ti bá ọkọ̀ ìjọba lọ sí Djougou lọ gba epo ọkọ̀ tiwa, ọjọ́ kẹta ló máa dé. Mo fọ́ eyín náà kúrò nínú rọ́bà. Mo tún mú àwọn tó tínrín, mo tún tò wọ́n, mo tún ti igi ìgbálẹ̀ bọ àárín. Ọjọ́ méjì ni mo fi dúró ti ìkòkò irin yẹn, mi ò jẹ, mo ń ṣọ́ rọ́bà náà títí ó fi tutù. Nígbà tí mo fi í sí i lẹ́nu, ó gba dígí, ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Ó fi ahọ́n tọ́ àárín wò. Ó wá fọn afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀ láti ibẹ̀, bí ọmọge, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín náà. Ó padà sí Manigri lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ tí Kapitẹ́nì dé, ó bá èrò lẹ́yìn ọkọ̀, bí ogún, láti Manigri, láti Doguè. Ìyá Ràmátù ló ṣíwájú wọn. Kapitẹ́nì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun fún obìnrin náà: kó yọ eyín náà, kí wọ́n tún un ṣe bó ṣe yẹ.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ràmátù kò tilẹ̀ yí ìjókòó padà.

"Bi í pé nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó," ó wí, "ṣé òun ló mọ ojú tó wu òun ni, àbí ọ̀gá rẹ̀?"

Mo lè fi oyin sí i. Mi ò fi. Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́ ní Faransé, etí Kapitẹ́nì sì pọ́n. Ó mú dígí kékeré rẹ̀, ó ní kó yanu. Ó fa eyín náà, kò mì. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó pa eyín pọ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó wo òkè. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bó ṣe ń pẹ́ lọ. Nígbà tó dìde, ó ní iṣẹ́ náà dára, ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rò pé ó ti tán.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú lẹ́tà náà jáde. Ó ní ológun tó bá rú àṣẹ kò lè gba nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n tọwọ́ bọ ọdún márùn-ún nísinsìnyí, òun á gbé lẹ́tà lé mi lọ́wọ́, òun á sì gbàgbé ohun tí mo ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á ya á. Ìwé ọdún márùn-ún náà wà lórí tábìlì, kálámù wà lórí rẹ̀.

Ìyá Ràmátù bi mí ohun tí ọkùnrin náà sọ. Mo sọ ọ́ fún un.

"Ẹnu mi ti padà sí mi lára," ó wí. "Ìdrísù, mi ò fẹ́ kí o fi ara rẹ rà á. Bí o bá tọwọ́ bọ ìwé yẹn nítorí mi, màá yọ ọ́ níbí yìí, màá sì gbé e fún un."

Mo kọjú sí Kapitẹ́nì. Mo ní ọdún mẹ́ta ni òfin sọ, ọdún mẹ́ta ni màá ṣe, kò ní fi ọjọ́ kan lé. Ó fa lẹ́tà náà ya sí méjì, ó tò ó pọ̀, ó tún fà á ya. Kò pariwo. Ó ṣe é bí ẹni tó ń gé aṣọ ojú ọgbẹ́. Ó wá ní kí ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà wọlé, torí pé ìlà náà gùn.

Wọ́n mú mi kúrò nídìí eyín láti ọ̀sẹ̀ náà. Oṣù mẹ́jọ tó kù, ihò ìgbẹ́ ni mo gbẹ́, ìbaaka ni mo wẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo rí ohun tí agídí ń fa. Mo ní mo rí i. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbẹ́ eyín sí ara igi ìdáná, ara ègé iṣu, ara ohunkóhun tí ọ̀bẹ lè wọ̀, kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé. Ọjọ́ tí ọdún mẹ́ta pé, mo bọ́ aṣọ wọn, mo ká a, mo gbé e lé orí tábìlì, mo sì gba ọ̀nà Manigri. Bàbá mi ti kọ ebè sílẹ̀ dè mí. Mo bá a gbin iṣu ọdún kan. Nígbà tí a wa á tán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Dakar láìsí lẹ́tà.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n lé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà. Mo padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún lé mi. Nígbà kẹta, ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń ṣe eyín, àgbàlagbà kan ọmọ ilẹ̀ Senegal, bi mí ìdí tí Kapitẹ́nì mi kò fi kọ lẹ́tà fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sọ pé mo ṣe dáadáa, kò sọ pé mo ṣe burúkú. Ó fún mi ní ìgbálẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi gbá ilé yẹn. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó pè mí síbi tábìlì, ó gbé ìda fún mi, ó ní kí n to eyín obìnrin kan. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti bá ẹni tó mọ obìnrin náà kí eyín rẹ̀ tó ká sọ̀rọ̀. Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ wá a kí n tó jókòó. Mo gbé ìda náà kalẹ̀, mo lọ wá a. Ọdún méjì ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì gba ìwé ẹ̀rí mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, kì í ṣe bí ológun.

Wọ́n fẹ́ kí n jókòó sí Cotonou. Mo ní Bassila ni mò ń lọ. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ògbólógbòó kan tí ó jọ ti Kapitẹ́nì. Rọ́bà lọ, ohun mìíràn tó pupa bí ìdí eyín gan-an rọ́pò rẹ̀, kò gba ìkòkò irin mọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá gba eyín lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ mú ìyàwó tàbí ọkọ tàbí aládùúgbò wá, kí n bi wọ́n bí ẹ̀rín rẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Mi ò tún fojú kan Kapitẹ́nì mọ́. Bí mo bá rí i, màá kí i, ṣùgbọ́n mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí, ohun tí mo rí nìyí: iṣẹ́ dára, ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ara yín ra á, ẹ wá ọ̀nà mìíràn gbà, bó tilẹ̀ jìn.

Ìyá Ràmátù kú nígbà tí òmìnira kù díẹ̀ kó dé. Àwọn obìnrin tó ń wẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pè mí, mo sì lọ dúró lẹ́yìn ẹní tí wọ́n fi gé ojú. Àgbà kan nínú wọn ní ohun àtọwọ́dá kì í bá òkú wọ ilẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń yọ yẹtí àti òrùka ni kí n wá yọ eyín náà, torí èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo ní mi ò ní yọ ọ́. Ó ní agídí mi ti tún dé. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà, ẹni tó ń parí ìjà wọn sì ti kú.

Bàbá Ràmátù jókòó sí ìdí ògiri. Ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ lọ, eléjìí ni wọ́n ń retí."